Ọdẹ Asáfẹ́jọ́ ní Ìlú tí Òfin ti Mú Iṣẹ́ Rẹ̀ Kúrò: Ìwé Gunsmith Cats gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn

1. Ìfáárà

Láti ọdún 1991 títí di ọdún 1997, ìtàn alátẹ̀lé kan ń jáde nínú Afternoon, ìwé ìròyìn olóṣooṣù tí ilé-iṣẹ́ Kodansha ń tẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Jàpáànì. Gunsmith Cats ni àkọlé rẹ̀. Kenichi Sonoda ni ó kọ ọ́, òun náà ni ó sì ya àwòrán rẹ̀. Máńgà ni àwọn ará Jàpáànì ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èyíinì ni ìtàn tí a fi àwòrán sọ láti ojú-ìwé kan dé èkejì, tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá-ìtàn sì wà nínú àwòrán náà fúnra rẹ̀. Ìlú Chicago, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, ni ìtàn náà ti wáyé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Rally Vincent ni olú ẹ̀dá-ìtàn. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ta ìbọn, tí ó sì ti ń tún ìbọn ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni láti máa lépa àwọn tí òfin ń wá, kí ó mú wọn, kí ó sì gba owó lé wọn lórí. Ọdẹ asáfẹ́jọ́ ni orúkọ tí a fún irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé ẹni tí ó sá fún ẹjọ́ ni ẹran-ọdẹ rẹ̀.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni òpìtàn lè fi irú ìwé báyìí jẹ́rìí sí? Àwọn kan lè sọ pé ìtàn àròsọ ni, kò sì yẹ kí òpìtàn fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn lè gbà á gẹ́gẹ́ bí àwòrán Chicago ní ìparí ọ̀rúndún ogún, nítorí pé ohun tí ó yà níbẹ̀ péye lọ́nà tí ó ya ni lẹ́nu. Èrò méjèèjì ni a ó rí i pé ó kù díẹ̀ káàtó. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìwé náà péye nínú gbogbo ohun tí ojú lè rí, ṣùgbọ́n kò bá òtítọ́ mu nínú ohun tí ojú kò lè rí, èyíinì ni òfin. Ibi tí ó ti kúrò lójú òtítọ́ yìí gan-an ni ó ti wúlò fún òpìtàn jù.

2. Ìwé náà àti ẹni tí ó kọ ọ́

Ọdún 1962 ni a bí Kenichi Sonoda ní agbègbè Osaka. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ Gunsmith Cats, iṣẹ́ yíya ìrísí àwọn ẹ̀dá-ìtàn fún fíìmù aláwòrán ni a fi mọ̀ ọ́n jù, bí irú Gall Force ti ọdún 1986 àti Bubblegum Crisis tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1987. Nínú fíìmù kan tí ń jẹ́ Riding Bean, tí ó jáde ní ọdún 1989, ni a ti kọ́kọ́ rí orúkọ Rally Vincent. Chicago náà ni ìlú inú fíìmù yẹn, ṣùgbọ́n igbákejì lásán ni Rally jẹ́ níbẹ̀ fún Bean Bandit, awakọ̀ tí ń bá àwọn ènìyàn gbé ẹrù òfin àti ẹrù èèwọ̀. Irun rẹ̀ pọ́n nínú fíìmù náà. Nígbà tí ó di ọdún 1991, irun rẹ̀ ti dúdú, àwọ̀ ara rẹ̀ náà ti dúdú sí i, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì wá di olú ẹ̀dá-ìtàn.

Ìwé mẹ́jọ ni a kó ìtàn náà jọ sí. Láàárín ọdún 1995 sí 1996 ni a gbé fíìmù alápá mẹ́ta jáde lórí rẹ̀, ìtàn mìíràn tí ó tẹ̀lé e, Gunsmith Cats Burst, sì jáde láti ọdún 2004 sí 2008. Àwọn tí ó yí Rally ká kò pọ̀. Minnie-May Hopkins ni ọ̀gá nínú ohun abúgbàmù. Becky Farrah ni ó ń ta ìròyìn fún un. Roy Coleman, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá, jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń di ojú sí ohun tí kò bá yẹ kí ọlọ́pàá rí. Lára àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni Goldie Musou wà, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ ọ̀daràn tí ń fi oògùn yí àwọn ènìyàn lọ́kàn padà.

3. Agbára onídùúró nínú òfin Amẹ́ríkà

Kí a tó lè mọ bí Rally ṣe jẹ́ ní ojú òfin, ó yẹ kí a mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, onídùúró kì í ṣe oníṣòwò. Ìbátan tàbí aládùúgbò ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn ni, tí ó bá a dúró pé ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kò ní kò ó. Òfin kà á sí pé ọwọ́ onídùúró ni olùjẹ́jọ́ ṣì wà, bí ẹni pé ó kàn kúrò nínú ẹ̀wọ̀n kan bọ́ sí òmíràn tí ó tura ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, bí onídùúró bá fura pé ó fẹ́ sá, ó lè mú un padà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àṣà yìí ni Amẹ́ríkà jogún. Ẹjọ́ tí a ń pè ní Taylor v. Taintor, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti orílẹ̀-èdè náà dá ní ọdún 1872, ni ó gbé e kalẹ̀ kedere. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ McGuire ni a fi ẹ̀sùn olè kàn ní ìpínlẹ̀ Connecticut, a sì gba béèlì rẹ̀ ní 8,000 dọ́là. Ó lọ sí New York, gómìnà ibẹ̀ sì fi í lé ìpínlẹ̀ Maine lọ́wọ́ nítorí ẹ̀sùn mìíràn. Nígbà tí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé ní Connecticut, a kò rí i. Àwọn onídùúró bẹ ilé-ẹjọ́ pé ẹ̀bi kì í ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n san owó náà. Bí àwọn adájọ́ ṣe ń ṣàlàyé ni wọ́n wá ka agbára onídùúró lẹ́sẹẹsẹ: ó lè mú olùjẹ́jọ́ nígbàkúùgbà, ó lè lépa rẹ̀ wọ ìpínlẹ̀ mìíràn, ó lè mú un ní ọjọ́ ìsinmi, ó lè fọ́ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ wọlé bí ó bá di dandan, ó sì lè rán ẹlòmíràn láti ṣe é. Ó yẹ ní àkíyèsí pé kì í ṣe ohun tí ẹjọ́ náà dá lé lórí nìyẹn, àti pé àwọn onídùúró ni ó jẹ̀bi. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹjọ́ yẹn ni àwọn ọdẹ asáfẹ́jọ́ di mú láti ìgbà náà.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni béèlì di òwò. Ìdílé McDonough ní San Francisco ni a sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí aṣáájú rẹ̀. Ọ̀nà òwò náà kò le. Bí ilé-ẹjọ́ bá ní kí béèlì ẹnì kan jẹ́ 1,000 dọ́là, ẹni náà yóò san 100 dọ́là fún oníṣòwò béèlì, oníṣòwò yóò sì dúró fún gbogbo owó náà. 100 dọ́là yẹn ti lọ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé olùjẹ́jọ́ jàre tàbí ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí olùjẹ́jọ́ bá sá, oníṣòwò ni yóò san 1,000 dọ́là. Nítorí náà ni ó ṣe ń bẹ ọdẹ lọ́wẹ̀. Ìbẹ̀rù gbèsè oníṣòwò béèlì ni orísun owó ọdẹ asáfẹ́jọ́, kò sì sí ibòmíràn tí owó náà ti ń wá déédéé.

4. Bí Illinois ṣe pa òwò náà tì

Láti ọdún 1960 síwájú ni àwọn amòfin ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí kígbe pé òwò béèlì ń fi tálákà sẹ́wọ̀n kí a tó dá ẹjọ́ rẹ̀. Ní New York, ètò kan tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1961 fi hàn pé ọ̀pọ̀ olùjẹ́jọ́ tí ó ní ilé, iṣẹ́ àti ẹbí ládùúgbò yóò padà wá sí ilé-ẹjọ́ láìsan owó kankan. Illinois gba ọ̀nà tirẹ̀. Òfin tí ó ṣe ní ọdún 1963, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1964, ní kí olùjẹ́jọ́ máa san ìdá mẹ́wàá béèlì rẹ̀ fún akọ̀wé ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Bí ó bá padà wá fún ìgbẹ́jọ́, a ó dá èyí tí ó pọ̀ jù padà fún un.

Ẹjọ́ kan tí ó dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ọdún 1971, Schilb v. Kuebel, jẹ́ kí a rí bí òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Béèlì Schilb jẹ́ 750 dọ́là lórí ẹ̀sùn ìrìnnà ojú pópó. Ó san 75 dọ́là. Nígbà tí ẹjọ́ parí, a dá 67.50 dọ́là padà fún un, ilé-ẹjọ́ sì mú 7.50 dọ́là fún iṣẹ́ ìwé. Owó kékeré yìí ni ó bá ìjọba ṣẹjọ́ lé lórí, kò sì borí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ oníṣòwò béèlì ni ó lọ, kọ́bọ̀ kan kì bá tí padà sọ́wọ́ rẹ̀ nínú 75 dọ́là náà.

Àbájáde òfin yìí fún ọdẹ asáfẹ́jọ́ ṣe kedere. Ní Illinois, bí olùjẹ́jọ́ bá sá, kò sí oníṣòwò kan tí yóò jẹ gbèsè. Níbi tí kò bá sí ẹni tí yóò jẹ gbèsè, kò sí ẹni tí yóò bẹ ọdẹ lọ́wẹ̀. Ọlọ́pàá nìkan ni iṣẹ́ náà kù sí lọ́wọ́. Nígbà tí Sonoda fi Rally Vincent sí Chicago ní ọdún 1991, ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí òfin ti mú orísun oúnjẹ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kúrò nílùú náà.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pàápàá kò bọ́ sí ibi tí ó rọrùn. Ní ọdún 1982 ni ìgbìmọ̀ ìlú Chicago ṣe òfin pé a kò ní fi orúkọ ìbọn ìléwọ́ tuntun sílẹ̀ mọ́, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ará ìlú kò lè ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kí ó sì fi í pamọ́ sílé lọ́nà òfin. Òfin yìí wà títí di ọdún 2010, nígbà tí ìdájọ́ McDonald v. Chicago gbé e ṣubú. A rí i, nígbà náà, pé iṣẹ́ méjèèjì tí Rally ń jẹ nínú ìwé, títa ìbọn ìléwọ́ àti dídọdẹ asáfẹ́jọ́, ni ìlú tí ó ń gbé ti dè mọ́lẹ̀ ní gbogbo ọdún tí ìtàn náà fi ń jáde.

5. Ohun tí ojú rí àti ohun tí ojú kò rí

Kò ṣeé ṣe kí a fi àìkíyèsára ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé Sonoda kì í ṣe aláìkíyèsí. Ìbọn tí Rally fẹ́ràn jù ni CZ 75 tí wọ́n ṣe ní Czechoslovakia, kì í sì í ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀ bí kò ṣe ti ìpele àkọ́kọ́, tí àwọn olùmọ̀ ìbọn ń yìn. Ọkọ̀ rẹ̀ ni Shelby GT500 ti ọdún 1967. A lè ka ìdè ìbọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà. Ẹni tí ó lè fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí irin, tí ó wá fi òfin sílẹ̀, ní ìdí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí bá ìwé náà mu, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara ẹni léèrè ohun tí àlejò náà ń wá nígbà tí ó ń wò. Ní Jàpáànì, ìtàn gbígba ohun ìjà lọ́wọ́ ará ìlú pẹ́. Ní ọdún 1588 ni Toyotomi Hideyoshi pàṣẹ pé kí a gba idà àti ìbọn lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ní ọdún 1876 ni ìjọba Meiji fi òfin de gbígbé idà kiri fún àwọn samurai fúnra wọn. Òfin ọdún 1958 sì fi ìbọn àti idà sábẹ́ ìkáwọ́ líle tí ó ṣì wà títí di òní. Ìbọn ìṣeré tí a ṣe ní àwòkọ ìbọn gidi ni ó di òwò ńlá níbẹ̀. Ní ti béèlì, ilé-ẹjọ́ ni a ń san owó rẹ̀ fún ní Jàpáànì. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìyẹn gba àṣẹ láti fọ́ ilẹ̀kùn ẹlòmíràn.

Nítorí náà, olùkàwé Afternoon jẹ́ ẹni tí ó lè mọ orúkọ gbogbo ìbọn, tí kò sì lè fọwọ́ kan ọ̀kan. Ohun tí irú ìtàn báyìí nílò ni ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá, tí kì í sì í ṣe ọ̀daràn, tí ó sì ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìbọn lépa ènìyàn nínú ìgboro. Amẹ́ríkà ti ìdájọ́ 1872 ni ó ti lè rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Chicago sì ni ìlú tí gbogbo ayé ti so mọ́ ìwà ọ̀daràn láti ayé Al Capone ní àwọn ọdún 1920. Sonoda mú òfin láti ibì kan, ó mú ìlú láti ibòmíràn, ó sì dà wọ́n pọ̀. Amẹ́ríkà tí ó ti inú àdàpọ̀ yìí jáde kò sí lórí ilẹ̀ ayé, ṣùgbọ́n ó wà lọ́kàn àwọn olùkàwé rẹ̀. Ẹ̀rí èyí ni ìwé náà lè jẹ́ láìṣiyèméjì.

6. Ìdí tí ọdẹ náà fi jẹ́ obìnrin

Rally kọ́ ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú ìtàn àtinúdá Jàpáànì. Ní ọdún 1986, ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé eré Metroid jáde, nínú èyí tí ọdẹ agbowó-lé-ènìyàn kan, Samus Aran, wọ ẹ̀wù irin láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí eré bá parí ni olùṣeré tí ó bá tètè parí rẹ̀ tó mọ̀ pé obìnrin ni. Ní ti Rally, kò sí ohun ìpamọ́. Kò bá ọkọ gbé, òun ni ó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ọkùnrin kankan kí ó tó ṣiṣẹ́. A lè yìn ín fún èyí.

Ṣùgbọ́n apá kejì wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí a fojú fò. Agbára tí ìdájọ́ 1872 fún ọdẹ jẹ́ agbára tí ń bani lẹ́rù: fífọ́ ilẹ̀kùn láìsí ìwé àṣẹ, mímú ènìyàn láìsí adájọ́. Bí a bá fi agbára yìí sí ọwọ́ géńdé ọkùnrin tí ń bínú, olùkàwé yóò bẹ̀rù. Sonoda fi í sí ọwọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó mọ ìbọn yìn débi pé àtàǹpàkò ọ̀tá ni ó máa ń yìnbọn sí, kí ó lè gba ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ láìpa á. Agbára náà wá dà bí àánú. Kò sí ibi tí a ti sọ pé ohun tí òǹkọ̀wé náà pète nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣe nìyẹn lára ẹni tí ń kà á.

Ohun mìíràn tí ó fara sin ni owó. Oníṣòwò béèlì kò sí lára àwọn ẹ̀dá-ìtàn pàtàkì inú Gunsmith Cats. Ẹ jẹ́ kí a fi í wé One for the Money, ìwé ìtàn àròsọ tí Janet Evanovich, ará Amẹ́ríkà, kọ ní ọdún 1994. Obìnrin ni ọdẹ inú rẹ̀ náà, Stephanie Plum, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ New Jersey ni ó ń gbé, níbi tí òwò béèlì ti ń lọ ní pẹrẹu nígbà náà. Iṣẹ́ ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ó tó lọ bá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tí ó jẹ́ oníṣòwò béèlì. Olùkàwé mọ iye béèlì ẹni tí ó ń lépa, ó sì mọ ìdá tí yóò kàn án níbẹ̀. Plum kò mọ ìbọn yìn bíi Rally rárá, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ sọ ibi tí owó ti ń wá. Nínú ti Rally, owó kàn máa ń wọlé bí ẹ̀bùn fún akọni ni.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé Gunsmith Cats kò lè jẹ́rìí nípa bí a ṣe ń mú asáfẹ́jọ́ ní Chicago láàárín 1991 sí 1997, nítorí pé ọlọ́pàá ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀. Illinois tilẹ̀ tún tẹ̀ síwájú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, ó di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí ó pa owó béèlì rẹ́ pátápátá. Ohun tí ìwé náà lè jẹ́rìí sí ni Amẹ́ríkà tí àwọn ará Jàpáànì yá àwòrán rẹ̀ lò, àti bí ìdájọ́ kan tí àwọn onídùúró tìkára wọn jẹ̀bi nínú rẹ̀ ṣe di ìtàn akọni ní ilẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́fà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ìwà Ọ̀daràn tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015 fi àyè sílẹ̀, ní ìsọ̀rí 187, láti forúkọ àwọn tí yóò máa dúró fún olùjẹ́jọ́ sílẹ̀ kí a sì fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ìsọ̀rí 188 fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mú olùjẹ́jọ́ tí ó bá ń sá lọ, kí ó sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Àwọn Yorùbá ti mọ irú agbára tí kì í ṣe ti ọba tààrà yìí rí. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921, ṣàpèjúwe ológò, ẹni tí a bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti lọ dógò ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, tí yóò sì máa ni ín lára títí owó yóò fi jáde. Kì í ṣe akọni ni ìtàn pe ológò. Bí àwọn onídùúró tí òfin ọdún 2015 mọ̀ bá wá pọ̀ nílùú, àwòrán tí àwọn ọ̀dọ́ ti rí nínú máńgà àti fíìmù ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ fi wò wọ́n. Ojúṣe òpìtàn ni láti fi àkọsílẹ̀ Connecticut, ti Illinois àti ti ológò lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, kí ó lè hàn kedere ẹni tí ó ń san owó ọdẹ, àti ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń fọ́.